Ojú Ìwé Ìdílé: Àwòrán X-ray Eyín, Àti Ohun Tí Olúkúlùkù Wà Fún

Ọ̀rọ̀ eyín ni a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti eyín funfun tí ń hàn síta nígbàtí a bá ń rẹ́rìn-ín, bíkòṣe ti apá ibi tí ojú kò lè dé, àti ti oríṣiríṣi àwòrán X-ray tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń wo ibẹ̀. Àwọn ará Ọ̀wọ̀, Ìpele, Ẹmùrẹ̀-Ilé, Ifọ́n, Ìdó-Àní àti Òkèlúsè ni a ní lọ́kàn jùlọ bí a ti ń kọ ọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ọ̀nà wọn sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín jìn, ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá sì jìn, kò yẹ kí ó rìn ín lásán.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tètè yé àwọn ará Ọ̀wọ̀. Ní ìgbà àtijọ́, àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀wọ̀ lókìkí púpọ̀ nídìí eyín erin fífín. Ẹ̀gbà ọwọ́ àti àwo ọlọ́mọrí tí wọ́n gbẹ́ wà títí di òní nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Ọdẹ tí ó pa erin mọ̀ pé èyí tí òun rí lóde kọ́ ni gbogbo eyín náà, nítorí ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tí ó wà nínú egungun orí. Oníṣọ̀nà pẹ̀lú mọ̀ pé ìdí eyín náà ní ihò nínú. Ibi oníhò yìí ni ó dára láti gé fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Bí eyín tiwa náà ti rí nìyí ní kékeré. Apá kan yọ sókè, gbòǹgbò rẹ̀ wọ inú egungun àgbọ̀n lọ, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gbé. Níbẹ̀ ni akokoro ti ń bá ni jà.

Nígbàtí akokoro bá mú ènìà, ohun tí ó kọ́kọ́ ń ṣe ni kí ó fi ìka tọ́ka sí eyín tí ó rò pé ó ń dun òun. Ìka yìí a máa ṣìnà. Iṣan ìmọ̀lára eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ń pàdé pọ̀ kí wọ́n tó dé ọpọlọ, nítorínáà ni ìrora eyín ìsàlẹ̀ fi lè dà bí ẹni pé ti òkè ni, tàbí kí a tilẹ̀ pè é ní etí dídùn. Àwọn kan wà tí wọ́n ti lọ fa eyín, tí ìrora náà sì bá wọn padà sílé, nítorí eyín tí kò ṣẹ̀ ni a fà. Ẹlòmíràn a ra kápùsù ní ṣọ́ọ̀bù, ara a tù ú fún ọ̀sẹ̀ méjì, a sì rò pé ó parí. Bẹ́ẹ̀ni ọyún tí ó wà ní ìdí gbòǹgbò kò kúrò níbẹ̀. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ọyún eyín ìsàlẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ahọ́n àti sí ọrùn, kí ó wú, kí ó sì dí ọ̀nà èémí. Ènìà ti ti ibẹ̀ kú, àgbà àti ọmọdé. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú tí ẹni náà kò lè gbé itọ́ mì, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì, kí a má sì ṣe máa wá ẹni tí yóò ya àwòrán; ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú kan náà.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín, àwọn aláwo ọjà kan sì wà tí wọ́n ń fi nǹkan hàn nínú ọ̀wú pé àwọn ti yọ kòkòrò náà jáde. Láti ìgbà tí àwọn oníṣègùn ti ń ṣí eyín tí wọ́n sì ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, wọn kò bá kòkòrò kankan tí ń rìn níbẹ̀. Ohun tí ó ń jẹ eyín ni omi kíkan tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń ti ara ṣúgà àti oúnjẹ tí ó há sí ẹnu ṣe. Nítorínáà àwọn àgbà kò jìnnà sí òtítọ́. Oníọ̀wú ni ó ń purọ́.

Ọjọ́ 8 oṣù November 1895 ni Wilhelm Conrad Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Würzburg ní Jámánì, ṣe àkíyèsí ìtànṣán kan tí ń gba inú ohun tí ìmọ́lẹ̀ lásán kò lè gbà kọjá. Nítorí tí kò mọ ohun tí í ṣe, ó pè é ní X, lẹ́tà tí àwọn oníṣirò ń lò fún ohun tí a kò tí ì mọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, egungun ìka àti òrùka sì hàn kedere. Ní January 1896, Otto Walkhoff, oníṣègùn eyín ní Braunschweig, fi í ya eyín ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 gbáko ni ó fi wà lójú kan láìmira kí àwòrán náà tó mú. Lónìí àwòrán kékeré kan kì í gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó jẹ́ àánú ńlá fún àwọn ọmọ wa tí kò mọ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò le. Ìtànṣán náà ń gba inú ẹran ara kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n egungun àti eyín ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Ohun tí ó bá dá a dúró a hàn ní funfun, ohun tí ó bá jẹ́ kí ó kọjá a hàn ní dúdú. Irin tí a fi dí eyín a funfun báláú. Ibi tí eyín ti jẹrà, tàbí tí ọyún ti jẹ egungun, a dúdú. Nítorínáà òjìji ni a ń kà, kò sì sí òjìji kan tí ó lè sọ ohun gbogbo. Ohun tí ó mú kí irú àwòrán pọ̀ nìyí, nítorí ìbéèrè pọ̀.

Èyí tí a ń lò jùlọ ni àwòrán kékeré tí àwọn oníṣègùn ń pè ní periapical. Ohun tí a ń fi sí ẹnu kò ju ìwọ̀n sítáḿpù lẹ́tà ńlá kan lọ. Eyín méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń fi hàn, ṣùgbọ́n ó ń fi wọ́n hàn láti orí títí dé ìsàlẹ̀ gbòǹgbò, pẹ̀lú egungun tí ó yí wọn ká. Bí akokoro bá mú ènìà, èyí ni ó ń dá ẹjọ́ láàrin eyín tí ó ṣẹ̀ àti èyí tí kò ṣẹ̀. Àwọ̀ dúdú roboto ní ìdí gbòǹgbò ń wí pé iṣan inú eyín náà ti kú àti pé egungun ń jẹ lábẹ́ rẹ̀. Òun náà ni a fi ń mọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe láti gba eyín là, nípa gbígbá inú ihò gbòǹgbò mọ́ àti dídí i pa. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a lè ya eyín kan náà ní ìgbà mẹ́ta: kí a tó bẹ̀rẹ̀, nígbàtí a ń wọn gígùn gbòǹgbò, àti lẹ́hìn tí a bá dí i tán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé owó ni dókítà ń wá. Bákan náà, bí gbòǹgbò eyín tí a fẹ́ fà bá tẹ̀ bí ìwọ̀, ó sàn kí a mọ̀ ṣáájú jù kí ó ṣẹ́ kù sínú egungun lọ.

Àwòrán kékeré kejì ní ohun kan lára bí ìyẹ́, tí ẹni tí a ń yà yóò fi eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ gé mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní bitewing. Raper, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà kan, ni ó mú un jáde ní 1925. Kì í fi ìsàlẹ̀ gbòǹgbò hàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni àárín eyín sí eyín, níbi tí orín kì í dé tí ojú kì í sì í rí, àti ibi tí egungun ga dé. Àwọn kan láàrin wa gbà pé bí eyín àgbàlagbà bá ń mì, ọjọ́ orí ni, kò sí ohun tí a lè ṣe. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí tí ó le gbagidi mọ́ ìdí eyín ni ó ń ba èrìgì jẹ́ tí egungun fi ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán yìí sì lè fi hàn nígbàtí eyín náà ṣì dúró ṣinṣin.

Òmíràn tún wà tí ó tóbi ju àwọn wọ̀nyí lọ, tí a ń tẹ́ pẹrẹsẹ sí àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ gé bísíkíìtì jẹ. Occlusal ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá ti ju eyín iwájú sórí òrùlé láti ọjọ́ pípẹ́, tí ti ẹnìkejì rẹ̀ ti hù padà, tí tirẹ̀ kò sì hù, irú àwòrán yìí lè fi hàn bóyá eyín àlékún kan ni ó dábùú ọ̀nà nínú egungun. Ó tún wúlò fún ẹni tí abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ń wú nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ jẹun, tí ó sì ń fọn lẹ́hìn oúnjẹ: òkúta kékeré lè ti dí ọ̀nà itọ́.

Nísisìyí a dé orí àwòrán ńlá tí ń fi gbogbo àgbọ̀n òkè àti ìsàlẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti iwájú etí kan dé iwájú etí kejì. A kì í fi nǹkan kan sí ẹnu ju igi kékeré tí a ń gé mọ́ eyín kí orí má ba à mì. Ẹni náà a dúró, ẹ̀rọ a sì yí orí rẹ̀ ká. Panoramic ni orúkọ rẹ̀; Paatero, oníṣègùn eyín ará Finland, ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ohun ìlò. Kò mọ́lẹ̀ tó àwòrán kékeré, nítorínáà kì í ṣe òun ni a fi ń wá ihò kékeré lára eyín. Ṣùgbọ́n fún eyín tí ó máa ń hù gbẹ̀hìn, tí àwọn dókítà ń pè ní eyín ọgbọ́n, tí ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú egungun, òun ni. Fún ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n pẹ̀lú, òun ni. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rí bí ọrun ọdẹ. Bí a bá lù ú níbìkan, ó lè kán níbòmíràn pẹ̀lú. Ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ lu ilẹ̀, tí a rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀ tán, lè máa lọ pẹ̀lú egungun tí ó ti kán níwájú etí, kí ó má sì mọ̀ títí ẹnu rẹ̀ kò fi ní í lè yà mọ́.

Ohun tí ó mú wa kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni wíwú tí kò dunni. Akokoro a máa pariwo, a sì máa lé ènìà jáde nílé lóru. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n tí ń wú díẹ̀díẹ̀ láìdunni kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Irú èémọ̀ kan wà nínú egungun àgbọ̀n tí a ń pè ní ameloblastoma. Ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó lọ, ó sì máa ń mú àwọn géńdé, jùlọ ní ẹ̀hìn àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Kì í sábà ràn dé ibòmíràn nínú ara, ṣùgbọ́n ó ń jẹ egungun lọ láti inú. Ènìà lè gbé e kiri fún ọdún 5 tàbí 10, kí ó máa fi gèlè tàbí ìbòrí bò ó, kí ó máa fi àgbo kùn ún, títí ìdajì àgbọ̀n yóò fi lọ. Lójú àwòrán ńlá yìí, ó sábà máa ń rí bí ìfófò ọṣẹ, ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Bí a bá rí i ní kékeré, ibi tí a óò gé kò ní í pọ̀. Bí ó bá pẹ́, a óò gé egungun púpọ̀, a ó sì máa wá ohun tí a ó fi dípò rẹ̀.

Ti àwọn ọmọdé tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1958 ni Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ará Ireland tí ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé nípa irú jẹjẹrẹ kan tí ń mú àgbọ̀n àwọn ọmọ kéékèèké ní ilẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pè é di òní. Níbi tí ibà ẹ̀fọn bá ti pọ̀ ni ó ti wọ́pọ̀, ilẹ̀ wa sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ bí ọdún 4 sí 9 ni ó sábà ń mú. Ó lè wú láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, eyín rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí mì nígbàtí kò tí ì tó àkókò àti pààrọ̀. Yíká gbòǹgbò eyín tí ó dá pé, àwòrán a máa fi ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn. Nínú àìsàn yìí, ìlà náà a parẹ́, eyín a sì rí bí ohun tí ó léfòó láìsí ohun tí ó dì í mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fa irú eyín bẹ́ẹ̀ ní ilé, ẹ má sì ṣe gbà pé kí a sín gbẹ́rẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Jẹjẹrẹ yìí wà lára àwọn tí oògùn abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́gun jùlọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ti bọ́ nínú rẹ̀ nítorí tí a tètè gbé wọn wá. Àwòrán kò ní í dá orúkọ àìsàn náà ní tòótọ́. A ó gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n àwòrán ni ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀la.

Àwọn méjì tí ó kù kò ní í gbà wá ní àkókò. Cephalometric, tí a ti ń yà láti 1931, ń fi ẹ̀gbẹ́ orí hàn. Àwọn tí ń fi wáyà to eyín wọ́gọwọ̀gọ ni ó ń lò ó. Èyí tí a ń pè ní cone beam CT, tí ó dé ní ìparí ọdún 1990 sí 1999, ń fi egungun hàn ní gígùn, ní ìbú àti ní jíjìn. Ohun dáradára ni fún iṣẹ́ tí ó le, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í ṣe fún akokoro lásán.

Ìbẹ̀rù ni ó kù. Àwọn kan gbọ́ pé X-ray ń fa jẹjẹrẹ, wọ́n sì kọ̀ láti yà á. Ìbẹ̀rù náà ní ìpìlẹ̀. Kells, oníṣègùn eyín ní New Orleans tí ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó lò ó ní Amẹ́ríkà, a máa na ọwọ́ ara rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ lójoojúmọ́ láti dán an wò. Jẹjẹrẹ mú ọwọ́ náà, a gé ìka, a gé ọwọ́, ó sì kú ní 1928. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà ní ọdún púpọ̀ kò ṣeé fi wé ti ẹni tí ó ya eyín lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀, òkúta, ojú ọ̀run àti oúnjẹ ń tan irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ sí gbogbo wa lára. Ìwọ̀n rẹ̀ jákèjádò aiyé jẹ́ bí 2.4 millisievert fún ènìà kan lọ́dún. Àwòrán eyín kékeré kan kò sábà ju bí ti ọjọ́ kan nínú èyí lọ, àwòrán ńlá tí ń yí orí ká kò ju ti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Cone beam CT ni ó lè tó ti ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Aláboyún ní láti sọ fún oníṣègùn pé òun lóyún. Bí ó bá jẹ́ ohun tí kò ṣeé sún síwájú, oyún kò ní kí a má ya eyín, nítorí ọyún tí ń ràn nínú ẹnu léwu fún un ju àwòrán náà lọ. Ní ti aṣọ òjé tí a máa ń fi bo àyà àti ikùn, Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Eyín ti Amẹ́ríkà sọ ní 2024 pé kò pọn dandan mọ́, nítorí ẹ̀rọ ìsisìyí ń darí ìtànṣán sí ojú kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá fi wọ̀ yín, ẹ gbà. Bí wọn kò bá fi wọ̀ yín, ẹ má bá wọn jà. Ohun tí ó tọ́ kí ẹ béèrè ni bí ẹ̀rọ náà bá ní ìwé àṣẹ. Òfin ọdún 1995 ni ó dá àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001.

Kí á má sì ṣe sọ àwòrán di òrìṣà. Eyín a ti pàdánù bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ ní ojú kan kí ìjẹrà tó hàn lójú X-ray. Èrìgì fúnra rẹ̀ kì í hàn. Oníṣègùn tí kò wo ẹnu, tí kò fi irin kan eyín, tí ó kàn ní kí gbogbo ẹni tí ó bá wọlé lọ ya àwòrán ńlá, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí ènìà lè fi ọ̀wọ̀ bi í: “Dókítà, kí ni ẹ fẹ́ kí àwòrán yìí sọ fún wa?” Bí ó bá ní ìdáhùn, ẹ lọ yà á.

Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn oníṣègùn eyín ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó bá ju agbára ibẹ̀ lọ, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn wà ní ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn. Fún àwọn ará Ifọ́n àti agbègbè rẹ̀, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ gíga ti Benin lè rọrùn jù. Kí ẹ tó wọ yàrá àwòrán, ẹ yọ yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, pín-ìnnì orí àti eyín àtọwọ́dá, nítorí òjìji irin a máa bo òjìji egungun. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba àwòrán náà tàbí ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, kí ẹ má ṣe ká a, kí ẹ má ṣe fi í sí ibi tí oòrùn ń pa. Bí a bá rán yín lọ sí ìlú mìíràn, ẹ mú un dání, kí dókítà ibẹ̀ lè fi ti àná wé ti òní, kí a má sì tún gba owó yín fún ohun kan náà.